Òjé Tó Dún àti Òjé Tí Kò Dún

Tẹ́mínà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi rọ, ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e padà wá bá mi. Awakọ̀ típà kan tó ń kó yanrìn ní Mowe ló gbé e wá. Ó jù ú sórí tábìlì, ó ní, "Màmá, ẹ wo iṣẹ́ yín o, ó ti lanu." Òótọ́ ni, ó ti lanu. Òrùka òjé tó yẹ kó di orí bátìrì mú ṣinṣin ti fẹ̀ sílẹ̀ gbàgà. Ó ní ibi tí òun ti fi sípánà dè é ló ti ń rọ̀ lọ́wọ́ òun bí ẹ̀bà, àti pé àárín ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì ni mọ́tò kú sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó mi orí, ó ní, "Bàbá ò ṣe irú èyí fún mi rí." Ṣé èmi ni mo ní kí Bàbá kú ni?

Ọkọ mi ni Bàbá tó ń sọ. Ìbàfò la ń gbé, ẹ̀gbẹ́ títì gan-an. Ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì bátìrì, ó sì ń rọ tẹ́mínà fún àwọn onímọ́tò. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn nígbà yẹn, àwọn aládùúgbò a máa gbé tiwọn wá ṣáàjì lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ á kún fún ariwo. Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un lọ. Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Nígbà tí mo ṣe opó tán tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ìró ọkọ̀ tó ń sáré kọjá ló kù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ọ̀yọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ ọkùnrin niṣẹ́ yìí. A ó wò ó títí Iléyá. Bí ọwọ́ rẹ ò bá ká a, màá wá ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù, kí o máa lọ sílé." Ilé wo? Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú. Ṣọ́ọ̀bù onípákó yẹn àti yàrá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ní láyé.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, wọ́n ní àwọn á bá mi tún ibẹ̀ ṣe kí àwọn tó lọ. Agbọ̀n kan wà lábẹ́ tábìlì tí ọkọ mi ń kó wóróbo irin dúdú dúdú sí, gbogbo rẹ̀ kún fún ìdọ̀tí àti gíríìsì. Wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́. Òjé tó mọ́, tó ń dán, èyí tí wọ́n bó lára wáyà iná ńlá, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ìtúnṣe burúkú gbáà! Ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ti rí i bí ọkọ mi ṣe ń ṣe é. Á yọ́ òjé nínú ìkòkò irin, á ju àbẹ́là díẹ̀ sí i, iná á gbà, ìdọ̀tí á léfòó, á sì fi ṣíbí gbá a kúrò. Á dà á sínú irin ìrọ, á sọ ọ́ sínú omi. Bó bá tutù, á jù ú sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà, á wá pariwo sí mi ní ilé ìdáná lẹ́yìn, "Ìyàwó! Ṣé ó dún?" Bó bá ró gán-ín, màá ní, "Ó dún o!" Bó bá ró gbì, màá ní, "Kò dún!" Á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Eré ni mo pè é. Mo rò pé ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tó ku èmi nìkan, gbì ni gbogbo tèmi ń ró. Mo yọ́ ọ, mo sọ ọ́ sómi, gbì. Mo ra òjé tínrín tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà, mo pò ó mọ́ ọn, ó yàtọ̀ díẹ̀, síbẹ̀ kò dún. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Iléyá ń bọ̀. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, mi ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo wá ń bá ìkòkò òjé sọ̀rọ̀. Mo bú u dáadáa pẹ̀lú.

Ọjọ́ kan ni mo ń gbálẹ̀ lẹ́yìn dúróòmù omi, ìgbálẹ̀ gbá nǹkan kan jáde, pẹlẹbẹ kékeré dúdú kan. Ọ̀kan lára wóróbo inú agbọ̀n yẹn ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù, ó bá bọ́ lu sìmẹ́ǹtì. Gán-ín! Mo mú un, mo fi èékánná họ ọ́. Òjé wáyà yẹn, bí o bá fi èékánná kàn án báyìí, ojú ibẹ̀ á hàn. Èyí ò hàn rárá. Mo wò ó dáadáa, mo mọ̀ ọ́n: ó jẹ́ òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ etí rímù kí táyà má baà máa gbọ̀n. Asese ni ọkọ mi máa ń lọ ní gbogbo Sátidé, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun tó ń tún táyà ṣe. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ bá ọ̀rẹ́ náà.

Ọkùnrin náà ti dàgbà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n yọ fìlà wọn. Mo béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọkọ mi ń kó òjé rímù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òjé rímù yẹn ló ń fi mú èyí tó rọ̀ le. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń pò ó? Èló nínú èyí, èló nínú ìyẹn?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí? Ó ní kò sí òdiwọ̀n kankan. Á kàn máa bù ú sí i títí ìyàwó òun á fi ní ó dún. Etí rẹ̀ ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣé ẹ mọ̀? Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bà á jẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bá òun gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti ní kò dún, á dà á padà sínú ìkòkò."

Mo mọ̀ pé ó máa ń yí rédíò sókè jù, a máa ń jà lé e lórí. Ìyẹn ni mo mọ̀. Omi kàn ń já lójú mi níwájú àwọn tó ń fẹ́ táyà. Bàbá náà bu òjé rímù kún àpò kan fún mi, wọ́n sì bá mi gbé e sórí ọ̀kadà.

Mo délé, mo dá iná. Mo bu díẹ̀ sí òjé wáyà, mo gbá àwọn irin kékeré ara òjé rímù tó léfòó kúrò, mo rọ ọ́, mo jù ú sílẹ̀. Gbì. Mo tún bù sí i. Ó fẹ́ dún. Mo tún bù sí i, mo sọ ọ́ sómi, mo jẹ́ kó tutù dáadáa, mo jù ú sórí sìmẹ́ǹtì.

Gán-ín!

Awakọ̀ típà yẹn ni mo kọ́kọ́ fún, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò padà wá jà. Ìgbà tó máa padà wá, òun àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé lẹ́yìn Iléyá, wọ́n bá èèyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n mú tẹ́mínà kan, wọ́n fi ẹ̀mú fún un títí, kò tẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní ọkọ mi ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Wọn ò dárúkọ ẹlòmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i rọ yẹn ńkọ́? Bó ṣe ró gán-ín báyìí, mo ti la ẹnu kí n tó mọ̀. Mo yíjú sínú ṣọ́ọ̀bù, mo pariwo gan-an kí ọkọ mi lè gbọ́, "Ó dún o!" Mo wá dúró kí ó rẹ́rìn-ín.