Púlọ́ńbà Tí Kò Tíì Bá Omi Pàdé Rí

Ẹ okun o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tá a jọ ń fa omi wọ ilé ìgbẹ̀bí. Lónìí, Súlè púlọ́ńbà wa sá fún omi.

Ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí di odò, aṣọ mi tutù rinrin, síbẹ̀ àwọn aboyún ṣì ń pọnmi lódò. Bàbá Ráímì, ẹ̀gbọ́n bàbá Súlè tó mú un wá, mọ irú púlọ́ńbà tó jẹ́. Ọ̀gá tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un ní Lọ́kọ́jà mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Bí a ṣe ṣí omi báyìí, oríkèé páìpù tú. Súlè ju sípánà sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Mo bi í pé: "Súlè, ṣé o tiẹ̀ kọ́ṣẹ́ yìí?"

"Mo kọ́ ọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Omi ni kò sí nínú páìpù tá a fi kọ́ ọ. Ọ̀gá ní ká máa fọkàn rò ó."

Màmá agbẹ̀bí dáhùn: "Ṣé kí èmi náà máa fọkàn gbẹ̀bí?"

Bàbá Ráímì, kí ọmọ yín lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí omi wà, kó sì yege ìdánwò ìjọba, kó tó tún fọwọ́ kan páìpù wa.

Ẹ̀yin yòókù, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá ṣí omi yìí lọ́jọ́ ọjà. Kó tó dé, mo fẹ́ púlọ́ńbà tó ti bá omi jà rí. Ta lẹ mọ̀?