Àṣìṣe Derek Pettit Nínú Orin Kẹta

Ó lé ní ogójì ọdún tí Derek Pettit fi sá fún orin kan ṣoṣo, orin tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ta gìtá sí. Bí wọ́n bá fi í sórí ẹ̀rọ nílé ẹnikẹ́ni, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Bí ó bá padà dé tí orin náà kò tíì parí, á tún ní òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò.

Iṣẹ́ ìṣáwùrú òkun ni Derek ń ṣe ní ìlú Leigh. Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Bí omi Thames bá ti fà, wọn á wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ráákì eléyín irin, wọn á kó ìṣáwùrú kún apẹ̀rẹ̀, wọn á gbé e wá sábẹ́ àtíbàbà létí omi, wọn á sì bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò ràgàjì kan. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á gba tirẹ̀ nínú abọ́ kékeré, á wọ́n fínígà àti ata lúlọ̀ sí i, á sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ìdí ìkòkò yẹn ni ẹgbẹ́ olórin wọn ti rí orúkọ. Boilermen, ìyẹn àwọn ọkùnrin ìdí ìkòkò, ni wọ́n ń pe ara wọn. Mẹ́rin ni wọ́n: Derek ń ta gìtá, Nobby Strang ń lu ìlù, Vic Lamball ń kọrin, àbúrò Vic sì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Fúráìdé ni wọ́n ń ṣeré nílé ọtí Heron, ní igun kan tó há débi pé òógùn Vic máa ń kán sára ìlù Nobby. Orin wọn kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ó yá, ó gbóná, bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ bá sì ti pé, ó tán. Glenda tó ń se oúnjẹ nínú kíṣìnì Heron sọ pé òun máa ń gbọ́ òórùn Derek kí òun tó gbọ́ gìtá rẹ̀.

Ní ọdún 1975, ọkùnrin kan tó ní ilé-iṣẹ́ àwo kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ wọn, ó sì ní òun fẹ́ gba orin wọn sílẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ká sítúdíò, ló bá kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Heron ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Lásìkò yẹn, aago méjì ni wọ́n ń ti ilé ọtí pa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣí i títí di aago méje. Wákàtí márùn-ún péré ni wọ́n ní láti fi ṣe odidi àwo kan.

Ọ̀fìnkìn ń da Vic láàmú lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń dún bí ayùn tó ń gé igi tútù. Orin méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni orin nípa ọkùnrin tó ń dúró de omi. Nígbà tó kan ibi tí Derek yóò ti dá gìtá ta, ìka rẹ̀ yọ̀, ó bọ́ sórí okùn tí kò yẹ, gìtá náà sì han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé sọ níwájú ìyá ẹni jáde lẹ́nu Derek. Ẹ̀rín pa Nobby, ó fi ẹ̀rín náà lu ìlù, ìlù bá ń sáré, àwọn tó kù sì sáré tẹ̀lé e bí màlúù tó já okùn, títí orin fi parí.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," Derek wí.

"Téèpù mi ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀," ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù náà dá a lóhùn.

Vic na ọwọ́ sí ọ̀fun rẹ̀. "Àti pé kí n fi ohùn wo kọ ọ́? Tìẹ?"

Bí àṣìṣe náà ṣe wọ inú àwo nìyẹn. Nígbà tí àwo jáde, àwọn ará Leigh rà á, àwọn ìlú tó kù kò mọ̀ pé ó wà. Láìpẹ́ àwọn ọ̀dọ́ mìíràn dé pẹ̀lú aṣọ yíya àti ariwo tiwọn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè Boilermen mọ́. Vic àti àbúrò rẹ̀ kó lọ sí Ọsirélíà, ibẹ̀ ni Vic sì kú sí. Derek fẹ́ Glenda, ó gbé gìtá sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó padà sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fa ráákì, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí igi ráákì náà, á máa ta ibi tí ó bàjẹ́ yẹn bó ṣe yẹ kó ti ta á.

Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí ọmọbìnrin kan, Imogen Farrant, yọ sí i lábẹ́ àtíbàbà.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ta gìtá nínú àwo Boilermen?"

"Ta ló rán ẹ wá? Nobby ni?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti gbọ́ àwo yẹn ju igba ìgbà lọ."

"Igba ìgbà. O ò níṣẹ́ ṣe ni, ọmọ mi?"

"Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn, sà."

Ilé-iṣẹ́ tó ń tún àwo àtijọ́ gbé jáde ni Imogen ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti rí téèpù àwo náà níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, ìyọ̀ǹda Derek ló kù. Derek bu ìṣáwùrú fún un, ó wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó wá ní òun yóò gbà bí wọ́n bá lè jẹ́ kí òun tún orin kẹta ta. Imogen rọra gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀rọ ìsinsìnyí lè ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Derek fi kọ́ ìka rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Ìka náà ti le, ìkarahun sì ti ya á níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Nígbà tó dé sítúdíò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ta á, ẹ̀kẹta sì mọ́ tónítóní. Imogen fi í sínú orin, ó sì fún un ní ti àtijọ́ àti tuntun kó gbé méjèèjì lọ sílé.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Nobby wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, Derek fi tuntun sórí ẹ̀rọ. Kò lọ tọ̀. Ó jókòó, ó ń wo ojú wọn.

"Ó dáa," Nobby wí nígbà tó parí. Ohùn tó fi ń yin oúnjẹ ọsibítù ló fi sọ ọ́. Ó tún ronú díẹ̀. "Ẹ̀rín mi dà?"

"Wọ́n yọ ọ́ ni. Kò sí ohun tí ò ń rín mọ́."

"Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ yẹn, Derek. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Inú àwo yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù sí, o wá lọ yọ ọ́."

Derek kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

Glenda ń kó àwo oúnjẹ jọ. "Ìdí ọ̀dùnkún tí mò ń bó ni mo wà nínú kíṣìnì nígbà tó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́," ó ní. "Ìyá mi ti ní kí n jìnnà sí olórin. Mo gbọ́ tí o ṣépè, mo gbọ́ tí o ò dúró, mo wá ní màá bá eléyìí jáde. Tó bá jẹ́ pé èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá yìí ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, màá bó ọ̀dùnkún mi lọ."

Nobby bú sẹ́rìn-ín. Derek kò rín. Ó bínú díẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nobby lọ tán, ó fi ti àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, ó gbọ́ ọ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó gbọ́ ọ̀fìnkìn Vic. Ó gbọ́ ife kan tó fọ́, tí kò rántí rárá. Nígbà tí ìka rẹ̀ yọ̀, ojú ṣì tì í. Lẹ́yìn ìyẹn gan-an ló wá gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí: kò sí èyí tó fi í sílẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta tó kù. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n gbá a mú, wọ́n sì jọ gbé orin náà lọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní Mọ́ńdè ó pe Imogen lórí fóònù. "Fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà."

Imogen mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Orin yín ni, sà. Mo rò pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bà á jẹ́."

"Láti tún un ṣe lo fẹ́ sọ."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo sọ yẹn, sà."

Àwo náà jáde ní ìparí ọdún. Kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Leigh lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń jẹ ìṣáwùrú, wọ́n ń yọjú wo ọkùnrin tó ń sè é. Heron ní kí Derek àti Nobby wá ṣeré lẹ́ẹ̀kan sí i. Derek ló kọrin fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí Vic ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ọ̀la. Láti ìgbà náà, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀ ní ọ̀sán. Dókítà ní kí Nobby má lu ìlù ju ààbọ̀ wákàtí lọ nítorí èjìká rẹ̀. Glenda ni wọ́n fi ṣọ́ aago. Ó máa ń wò ó dáadáa, bí ààbọ̀ wákàtí bá sì kọjá, kì í sọ nǹkan kan.