Ajá tí mo fi pa mọ́

Ọdún tí ìjọba kọ́kọ́ ní kí gbogbo wa máa jókòó sílé láàárọ̀ Sátidé ká máa kó gọ́tà, ọdún náà ni. Ọkọ mi ti kú. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe ní èbúté Tin Can, ajá tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ibẹ̀ ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn aṣọ rẹ̀. Mo mú un wá sílé l'Ájégúnlẹ̀.

Wolé-wolé rí i. Ó ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí n sì gbàwé rẹ̀. Mo ní, "Èmi alára ò níwèé, ajá ló wá máa ní?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. N ò lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ alájọgbé mi kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, tẹ̀ ẹ́ nírù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Wolé-wolé tún dé.

"Ìyá, ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, a máa wá wò ó. Ẹ ò gbọdọ̀ pa á o."

N ò gbà á gbọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mú un lọ pa ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń rán mi létí ọkọ mi. Bí ìyá ọmọ ṣe gbé e lọ sọ́síbítù, mo mú ajá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kirikiri. Mo ní ó já okùn, ó sá lọ.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọ náà níkùn láràárọ̀. Dókítà ní bí àwọn bá rí ajá náà, tí ara rẹ̀ ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn á dáwọ́ dúró. Pákó lásán ló la yàrá wa láàárín, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Tí ìyá ẹ̀ bá ti ń wọ bàtà fún un, igbe ni: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ajá yẹn!"

Obìnrin náà á yọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì padà?"

"Kò tíì padà."

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ajá ń jẹun ní Kirikiri, ara rẹ̀ le koko. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Wọ́n gún ọmọ náà títí abẹ́rẹ́ fi pé.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, obìnrin náà lọ kí ẹnì kan ní Kirikiri. Ajá rí i, ó dá a mọ̀, ó ń ju ìrù sí i. Nígbà tó délé, kò pariwo. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí ajá yín. Ara ẹ̀ le."

Kó tó di ìparí oṣù, wọ́n ti kó lọ. N ò mọ ibi tí wọ́n gbà.

Ọmọ ọmọ mi, ohun tí mo sọ fún bàbá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ nìyí, kọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó bá fẹ́ sin ajá, kó gún un lábẹ́rẹ́, kó so ó. Bó bá wá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ajá náà kì í ṣe tìẹ nìkan mọ́. So ó síbi tí ìyá ọmọ á ti máa rí i.