Ẹni Tó Kẹ́yìn Nínú Kọ́fátì

Bí òjò bá ti ń ṣú bọ̀ láti apá Mápó, òórùn kan máa ń kọ́kọ́ dé ìsọ̀ mi ní Bẹẹrẹ kí omi kankan tó kán sílẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ dúdú ni, tó dà pọ̀ mọ́ ti ewé tó ti jẹrà, omi ọṣẹ àti ìpẹ́ ẹja. Àwọn tó ń kọjá a fọwọ́ bo imú, wọn a máa bá tiwọn lọ. Èmi kì í bo imú. Mo kàn máa ń gbé ayùn mi sílẹ̀ ni, kí n jókòó sórí pákó fúngbà díẹ̀, nítorí eegun ẹ̀yìn mi máa ń rántí ọjọ́ tí a wọ inú kọ́fátì. Ìwọ náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí fún àwa tí a ti ń kúrò lọ́dọ̀ọ́: iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe parí tipẹ́tipẹ́ a tún máa rẹ̀ ẹ́.

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, odò kékeré kan máa ń ṣàn láti òkè Oníyanrìn wá sọ́dọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ilé pọ̀, wọ́n fi kọnkéré bò ó, ó di kọ́fátì. Títì gba orí rẹ̀, ilé gba orí rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé omi ń kọjá lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Àwọn ará òkè a da ìdọ̀tí sí i, àwa tí a wà nísàlẹ̀ a sì gba omi sínú yàrá. Ìjà tí èyí dá sílẹ̀ láàárín wa pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó tún ń bínú gidi mọ́. A kàn jogún àìkíra-ẹni náà bí wọ́n ṣe ń jogún ilé ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, omi wọlé wa léraléra. A ti rojọ́ fáwọn aláṣẹ títí, ẹsẹ̀ ti wú, ẹnu ti gbẹ. Ìgbà náà ni bàbá agbẹ́kànga tó wà lágboolé wa dìde lọ sí Oníyanrìn fúnra rẹ̀, ó lọ bá alàgbà ìjọ Aládùúrà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń gbọ́ tirẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ láti òkè, kí àwa wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, kí a pàdé níbi tó ti dí.

Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti kékeré ló ti ń gbẹ́ kànga káàkiri Bẹyẹrúnkà àti Ọjà'ba, okùn sì ti tẹ èjìká rẹ̀ kan. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ ku ọ̀la, ó pe gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí agboolé wa lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Àwọn ará òkè dúró lọ́tọ̀, àwa náà dúró lọ́tọ̀. Ó ní inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì há. Ó ní ohùn kì í lọ tààrà níbẹ̀, pé béèyàn bá pariwo, ẹni tó gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tó ti wá. Nítorí náà, ọ̀pá irin ni ká máa kàn mọ́ ògiri. Ẹyọ kan túmọ̀ sí pé a wà níbí, kí àwọn tó gbọ́ ọ dá ẹyọ kan padà. Bó bá di mẹ́ta léraléra, kí oníkálukú máa jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹnìkejì, ẹsẹ̀ ni kó tàn án sí. Bí ẹni tó ń wọlé bá pàdé ẹni tó ń jáde, ẹni tó ń jáde ló ni ọ̀nà. Kí ẹni tó ń wọlé fẹ̀yìn ti ògiri, kó fa irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra, kó jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá.

"Ẹni tó bá wà lẹ́yìn pátápátá," ó ní, "kó wí i síta pé òun lòun kẹ́yìn, pé kò sẹ́ni lẹ́yìn òun mọ́. Kí ẹni tó yà fún un dáhùn pé òun gbọ́."

Bíríkìlà kan wà nínú àwọn ará òkè, ọkùnrin gìrìwò kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ la fẹ́ lọ ṣe ni, àbí a fẹ́ lọ máa kíra wa?"

Bàbá dá a lóhùn. "Lókè níbí, ìkíni lẹwà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun lojú wa."

A wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi dé wa lórúnkún, òrùlé sì rẹlẹ̀ débi pé ńṣe là ń tẹ̀ rìn bí ẹni tó ń rúkùú. Gbòǹgbò igi rọ̀ sílẹ̀ láti àárín kọnkéré, omi tútù ń kán láti ara wọn sí wa lọ́rùn. Lókè orí wa, ọ̀kadà ń kọjá lórí títì, ìró rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí inú ń kùn. A fi ṣọ́bìrì àti dígà kó ẹrẹ̀, a ń fi páànù gbé e jáde, a tún ń padà. Nígbà tó ṣe, Bàbá kan irin mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan. A dákẹ́. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹyọ kan dáhùn. N kò mọ̀ pé irin tí ọ̀tá ẹni kàn lè dùn tó bẹ́ẹ̀ létí.

Fóòmù ibùsùn kan ló dí ọ̀nà náà, òun àti táyà ọkọ̀, àkísà, náílọ́ọ̀nù àti kùkùté igi ńlá kan tí gbogbo wọn fara kọ́. Nígbà tí a já a, iná tiwọn àti iná tiwa pàdé lórí omi. Bó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí, ẹnu ọ̀nà tiwa ni ìdọ̀tí náà gbọ́dọ̀ gbà jáde, nítorí náà àwọn ará òkè ń rù ú bọ̀, àwa ń wọlé lọ kó tiwa. Ibì kan wà láàárín tí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kan ti yọ wọ inú kọ́fátì, tí kò gbà ju ẹnìkan ṣoṣo lọ. Ibẹ̀ la ti ń yà fún ara wa. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Ẹ kú ìnira." Ọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n mi ti na ara wọn rí fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ rọra, ìgò wà níwájú." N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ àdúgbò kan náà la jọ ń gbé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tán bọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni ẹ̀yìn ń sọ máa ń pé: òun lòun kẹ́yìn, kò sẹ́ni lẹ́yìn òun mọ́. Nígbà tí oòrùn ga, ó di "Mo kẹ́yìn." Nígbà tó yá, ó di "hùn-ún." Ká tó mọ̀, ó ti di mímí lásán. Kì í ṣe àfojúdi. Ó rẹ̀ wá débi pé à ń ṣọ́ èémí ná bí ẹni ń ṣọ́ owó. Kó tó di ìgbà ìrun àìlà, ìgò gún ọ̀kan nínú àwọn ará òkè lẹ́sẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà tiwọn jáde, ó sì lọ sílé. Àwọn tirẹ̀ mọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún wa.

Kò pẹ́ sígbà náà, omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi ṣàdédé tutù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lápá òkè, àwa kò sì rí ojú ọ̀run. Ẹni tó ń ṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà tiwọn kan irin: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Wọn kò lè padà síbi tí omi ti ń bọ̀, nítorí náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn tiwa tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ti ń jáde. Èmi àti Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá ibi tó há náà, a dojú tọ́ọ̀ṣì wa kọlẹ̀, a jẹ́ kí wọ́n kọjá. Márùn-ún ni wọ́n wọlé láàárọ̀. Ẹnìkan kọjá, alàgbà kọjá, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Bíríkìlà ló ṣe ìkẹrin. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó fara gbo mí kọjá, kò sì sọ nǹkan kan.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹni tó kẹ́yìn ò tíì sọ̀rọ̀," ó dá mi lóhùn. "Ìwọ tẹ̀ lé wọn. Mò ń bọ̀."

Mo bá bíríkìlà níta, ó lóṣòó ti ògiri, ó dijú. Mo bi í pé, "Ẹnì karùn-ún yín ńkọ́?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tí mò ń wí. "Ó ti lọ sílé tipẹ́. Ìgò gún un."

"Ta ló wá kẹ́yìn?"

"Èmi ni." Bó ti sọ ọ́ tán ló la ojú.

Alàgbà gba irin lọ́wọ́ mi, ó wọ omi lọ sẹ́nu kọ́fátì, ó ń kàn án ní mẹ́ta mẹ́ta. Láti inú lọ́hùn-ún, à ń gbọ́ irin Bàbá, ẹyọ kan, ó dákẹ́, ẹyọ kan, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ariwo omi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. A di ara wa lọ́wọ́ mú, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀, títí a fi kan alàgbà tó wà níwájú. Omi gbé Bàbá jáde pẹ̀lú kùkùté igi yẹn, itan rẹ̀ sì ti kán. A tẹ́ ẹ sórí pákó. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ṣé ẹni tó kẹ́yìn ti jáde?"

Alàgbà ní, "Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn, Bàbá. Kò sẹ́ni lẹ́yìn yín mọ́."

Ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tó dé ilé, alàgbà mú bíríkìlà wá. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni mo ṣe igi tí Bàbá fi ń rìn. Ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, tẹ́ ẹní fún wọn, ó sì jókòó. Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Ó ti rù. N kò tún rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Dìde," Bàbá wí. "Ó rẹ̀ ọ́ ni. Ó rẹ gbogbo wa."

Bíríkìlà kò dìde. Bàbá ń fọwọ́ ra itan rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí mo bá sùn, ibẹ̀ ni mo máa ń wà. Mò ń kan irin, mò ń retí ẹnì kan. Sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, kí n lè kúrò níbẹ̀."

Bíríkìlà gbé orí sókè. "Èmi ni mo kẹ́yìn, Bàbá. Kò sẹ́ni lẹ́yìn mi mọ́."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Kò wọ kànga mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà lọ ló ti ń sùn. Kọ́fátì náà tún ti dí, wọ́n tún ń da ìdọ̀tí sí i, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti padà sí àìkíra-ẹni tí a jogún. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi kórìíra àwọn ará òkè, ìkórìíra náà kò sì fọ́ eegun ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́, tí kò sí ìjà, ọjọ́ yẹn gan-an ni àárẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kékeré kan mì lẹ́nu ẹni rere, tó sì ku díẹ̀ kó gbé odindi èèyàn lọ. Nítorí náà, bí mo bá ti ìsọ̀ dé lálẹ́, tí ahọ́n mi wúwo, tí ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tí n kò fẹ́ dáhùn, mo máa ń fipá mú ara mi dá a lóhùn. Ìgbà tó bá rẹni jù ni ẹnì kan máa ń dúró sínú òkùnkùn, tó ń retí ohùn ẹni.