Owú Bọ̀dá Omi

Ní Festac, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọlábọ̀dé Ògúndípẹ̀, ìtàn ìrìbọmi ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ń sọ ọ́ jù. Ọdún 2003 ni. Pásítọ̀ Seth kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà láti ṣe ìrìbọmi fún wọn. Nígbà tó kan Brọ́dà Kọ́ládé, pásítọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ọkùnrin náà sì pẹ́ díẹ̀ lábẹ́ omi. Bó ṣe jáde ni ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ọlábọ̀dé tó wà lórí ìlà gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn, ó sì fajú ro.

Ó wá kàn án. Pásítọ̀ rì í bọ omi, kò jáde. Pásítọ̀ fọwọ́ wá a títí, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló bá níbẹ̀. Ni ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí omi mọ́lẹ̀. Àǹtí Stella, olórí akọrin, tiẹ̀ bọ́ bàtà kó lè bá ẹ̀mí náà jà dáadáa. Nígbà tí ohùn gbogbo wọn ti há, orí kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán nídìí èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, láàárín òun àti Kọ́ládé, ta ló pẹ́ jù?

Pásítọ̀ ní ìrìbọmi tí èèyàn bá sá kúrò lọ́wọ́ pásítọ̀ kò kà, kó padà wá ṣe òmíràn. Ó ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé nínú gbogbo ìjọ yẹn, òun nìkan ni wọ́n rì bọmi lẹ́ẹ̀mejì.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, 22 Road ló ń gbé, "Bọ̀dá Omi" sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orúkọ náà tọ́ sí i. Lọ́dún tó ṣáájú ìrìbọmi yẹn, ó lúwẹ̀ẹ́ láti ìlú Ọ̀jọ́ dé Festac lórí ọ̀sà, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbì kankan. Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gígùn na ike ògì sí i, torí òfin àwọn òmùwẹ̀ le: bí ọwọ́ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bá kan ọkọ̀ báyìí, gbogbo làálàá náà ti di asán. Ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ tó wà ládùúgbò kéde pé kò tíì sẹ́ni tó lúwẹ̀ẹ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí omi wọn. Rékọ́ọ̀dù di tirẹ̀.

Láti ìgbà náà ni kò ti sinmi mọ́. Owú ni, owú náà kò sì mọ orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ kan tí àlejò kún ilé, tẹlifíṣọ̀n ń fi òyìnbó kan hàn tó lúwẹ̀ẹ́ láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ mìíràn. Ọlábọ̀dé dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní NEPA ti mú iná lọ. Fáànù ń yí lórí gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

Bí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òtẹ́ẹ̀lì kan ní Agboju, á ní omi tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ìṣanwọ́ ni.

Àyìnkẹ́ náà ní owú tirẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lajú, ọkọ rẹ̀ á ti gba etí omi lọ, á sì padà wálé pẹ̀lú òórùn ọ̀sà lára. Ó sọ fún Àǹtí Stella pé àwọn obìnrin yòókù ń bá obìnrin ẹgbẹ́ wọn jà lórí ọkọ, òun ń bá ọ̀sà jà, ọ̀sà kò sì ní irun tí èèyàn lè fà.

Wàhálà gidi dé ní 2006, Tẹjúmádé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni, bàbá rẹ̀ àti Ọlábọ̀dé ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Ó wá kúnlẹ̀ pé kí Bọ̀dá Omi kọ́ òun. Inú Bọ̀dá dùn, ó kọ́ ọ tọkàntọkàn: bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń gba àárín koríko orí omi, bí wọ́n ṣe ń mu ògì láì dúró. Ohun kan péré ló fi pamọ́ fún un, ohun náà ló sì gbé òun fúnra rẹ̀ dé Festac lọ́jọ́sí. Nígbà tí ọmọ náà wá sọ pé òun fẹ́ gbéra láti ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ lọ́hùn-ún, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Bọ̀dá Omi.

Orí náà fọ́ ọ títí di Sọ́ńdè. Nígbà tí pásítọ̀ pe àwọn tó fẹ́ àdúrà, Ọlábọ̀dé jáde síwájú, ó ní kí ìjọ bá òun bẹ Ọlọ́run kó rọ òjò ìbùkún sórí Festac, pàápàá jù lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àyìnkẹ́ nìkan ni kò ṣe é, torí ó mọ ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Òjò rọ̀ ní Fúráìdè, ó dá. Oòrùn Sátidé ràn yọ̀ọ̀.

Èyí tó tún dùn ún jù ni pé òfin tí ẹgbẹ́ ṣe lẹ́yìn rékọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ẹni tó bá ti wẹ omi náà já rí nìkan ló lè ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọkọ̀, kò sì sẹ́lòmíràn. Ó wọ ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù, òun àti Àyìnkẹ́ pẹ̀lú Yíwọlá, apẹja tó ń tukọ̀.

Ọmọ náà lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Nígbà tó kọjá ibi tí Ọlábọ̀dé ti gbéra lọ́jọ́ tirẹ̀, Àyìnkẹ́ pàtẹ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì ní kó yéé mi ọkọ̀. Wọ́n kọjá Satellite Town. Ṣùgbọ́n bí Festac ṣe ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Tẹjúmádé sẹ́yìn, apá rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó wo ọkọ̀, ó sì na ọwọ́ láti dì í mú.

Ọlábọ̀dé já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ Yíwọlá, ó ti ọkọ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Àyìnkẹ́ di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Dammy, ṣé owú yìí máa pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ìgbà yẹn ló tó rí i pé ọkọ òun ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà létí ọkọ̀. Ó ti múra àtibẹ́ sómi bí ọmọ náà bá rì. Ọmọ náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Tẹjú, má fọwọ́ kan ọkọ̀. Fẹ̀yìn lé omi, kó o léfòó. Ó máa tó yí padà."

"Bọ̀dá, ó ti rẹ̀ mí. Kí ló máa yí padà?"

"Omi ni. Ibí ló ti máa ń yí. Mi ò sọ fún ẹ, mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ni. Léfòó, ó máa gbé ẹ délé."

Ó fẹ̀yìn lé omi. Fúngbà díẹ̀, omi ṣì ń gbé e sẹ́yìn, Àyìnkẹ́ ń pe Jésù. Nígbà tó yá, koríko orí omi dúró sójú kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́nà Festac, Tẹjúmádé sì ń bá a lọ. Omi òkun tó wọlé láàárọ̀ ti ń padà síbi tó ti wá. Nígbà tí apá rẹ̀ gbé padà, ó wẹ ìyókù, ó sì fọwọ́ kan òpó èbúté. Bí rékọ́ọ̀dù ṣe kúrò lọ́wọ́ Bọ̀dá Omi nìyẹn. Ó bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ní ẹkún ayọ̀ ni, Àyìnkẹ́ tó mọ̀ ọ́n ní owú wà níbẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí Tẹjúmádé jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Omi dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí ìjọ má gbàgbé pé òjò Fúráìdè tó tu omi náà lára, àdúrà òun ló fà á.

Ojú oorun ló kú sí, ní 2009. Àwọn tó wá kí Àyìnkẹ́ kú àtẹ̀mọ́ra ń rọra béèrè bóyá omi ló gbé e. Ó ní rárá o. "Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn sí. Ọ̀sà ò rí i gbà." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wá bá Tẹjúmádé pé kó kọ́ òun, torí òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí Tẹjúmádé dé. Tẹjúmádé gba 22 Road lọ bá Àyìnkẹ́, ó ní nǹkan kan ń ta òun láyà. Òun ti kọ́ ọkùnrin náà ní gbogbo nǹkan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibi tí omi ti ń yí padà kò jáde lẹ́nu òun. Ó ní òun kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dun Bọ̀dá tó nìyẹn.

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra. "Má da ara ẹ láàmú," ó ní. "Jẹ́ kó na ọwọ́ sí ọkọ̀ ná. Wàá sọ ọ́."