Ohun tó lé Delphine kúrò létí ibú

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri níwájú ṣọ́ọ̀bù pé ejò ńlá inú omi ló lé Delphine, pé ìdí nìyẹn tí kò fi dé etí ibú àwọn ìyá rẹ̀ fún odindi ọdún méjì. Irọ́ gbuu! Ejò kankan ò lé e. Ojú ló tì í. Èmi tá a jọ ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn ló sọ ọ́ fún.

Delphine ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí ìjọba Ọsirélíà fi já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe sí ọmọ àwa onílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kó o sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé níbẹ̀, ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu rẹ̀. Ìgbà tó fi máa padà wálé, ó ti bímọ, èdè sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, á máa mi orí, níbi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú àlejò dé ibú wa gbọ́dọ̀ fi èdè ilé ké sí àwọn ará ìgbàanì tó wà nínú omi, kó sọ ẹni tó mú wá, kó fi òkúta nu òógùn abíyá àlejò náà, kó jù ú sínú omi kí omi lè mọ òórùn rẹ̀. Pansy, àbúrò ìyá Delphine, ló máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ òyìnbó tuntun fẹ́ lọ, orúnkún ń dun Pansy, ni wọ́n bá ní kí Delphine mú wọn lọ.

"N ò mọ̀ ọ́n" ni ì bá sọ. Kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sí i lójú létí omi, ló bá ń da ìró rú, kò lórí, kò nídìí, ó tún fi orin ṣọ́ọ̀ṣì lú u. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ó yíjú padà, Pansy rèé nínú ọkọ̀ akẹ́rù Clarrie ọmọ rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Clarrie ní, "èdè ibo nìyẹn? Àwọn ẹja gan-an ń wo ara wọn lójú!"

Pansy ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí Clarrie wa òun lọ sílé. Ìyẹn ló pa Delphine.

Látọjọ́ náà, kò dé etí ibú mọ́, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Ọmọ tí omi ò bá mọ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nílẹ̀ wa, Pansy nìkan ló sì kù tó lè fi í han omi. Delphine yan búrẹ́dì sínú eérú, ó gbé e lọ bá a lábẹ́ igi.

"Ìyá mi, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí létí omi. N ò gbọ́ èdè náà rárá."

"O rò pé mi ò mọ̀? Ogún ọdún lo fi ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí mi ò dá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ti àwọn òyìnbó ò kàn mí. Àwọn tó wà nínú omi ńkọ́? Wọ́n á ti máa bi ara wọn pé ọmọ ta lèyí. Lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu rẹ náà, fi sọ ọ́."

Lójú gbogbo ẹbí, Delphine ké sí omi ní Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, irọ́ tó pa. Ìgbà tó parí ni Pansy tó bu omi sẹ́nu, tó fẹ́ ẹ sórí ọmọ.

Látìgbà náà ni Pansy ti ń kọ́ ọ lédè ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tá a ti ń fún aṣọ ìnulẹ̀, mo bi í pé ó ti tó mélòó.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin," ó ní. "Bí mo bá dá wà, wọ́n pé. Kí ẹnìkan ṣáà ti wò mí, ojú á tún tì mí, ọ̀kan á sá lọ."