Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Kọ́lá Parẹ́ Lójú Fóònù

Òórùn gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ pákó ló máa ń mú mi rántí ọjọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Mówè ni Bùsọ́lá, ìyàwó ọmọ mi, ti fi ọfà kékeré kan hàn wá lójú fóònù. "Bàbá, ẹ wò ó, ọkọ̀ Kọ́lá nìyẹn lórí òkun." Kọ́lá nìkan lọmọ wa, atukọ̀ ojú omi ni. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ wọn tó ń kéde ibi tí wọ́n wà, kí ọkọ̀ mìíràn má baà kọlù wọ́n nínú kùrukùru. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà, mo rò pé ẹ̀rọ yẹn ló gbé ọkọ̀ dúró lórí omi.

Àràárọ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi máa ń fi oríkì Kọ́lá kí ọfà náà: "Àkànní, ṣé o jí ire?" Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó bẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ọfà. Bùsọ́lá pa fóònù, ó tún tàn án. Omi lásán. A pe Kọ́lá, kò wọlé. Èmi ń fi etí ẹ̀wù nu ojú fóònù, bí ẹni pé eruku pákó ló bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Mùsílíù, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbọ́, ló bá di ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: kí wọ́n tó túfọ̀ ọmọ fún ìyá, èrò á ti kọ́kọ́ wá jókòó tì í. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ rí wọn tí wọ́n ń fa bẹ́ńṣì, ó figbe ta.

"Mùsílíù, dìde! Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ mi kú?"

"Ìyá Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ló ń ro mí."

"Kó máa ro ẹ́! Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó máa lọ sílé ẹ̀."

Gbogbo wa dúró nínú oòrùn. Pásítọ̀ wa pàápàá, orí ìdúró ló ti gbàdúrà. Èmi gan-an, mi ò gbọdọ̀ fara ti ògiri.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí fóònù tó dún. Kọ́lá ni. "Màámi, àwa la pa ẹ̀rọ yẹn fúnra wa. Wọ́n ní àwọn olè omi wà nítòsí. Ohun tẹ́ ẹ fi ń rí wa, òun làwọn náà fi ń wá wa."

Àbẹ̀kẹ́ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó wàyí."

Àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Òkun tá a bẹ̀rù dá Kọ́lá padà, Kọ́lá ló sì sin ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Orí ibùsùn wa níbí ni ikú ti wá mú Àbẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí mo ti lè na ọwọ́ kàn án.